Dídán Nìkan Kọ́ Ni Pípẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ara mi ni. Bí mo bá fi í pamọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò yìí. Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àbúrò ìyá mi kan wà níhìn-ín ní Adó-Èkìtì tí ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ̀ bí ó ti ń lọ: ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí ọlọ irin, ọlọ irin ń lọ ata, ata ń mú owó wá. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, owó dákẹ́ nìyẹn. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ́ńjìnnì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Bí wọ́n bá da ẹ̀wà rírẹ sí i lẹ́nu, yóò máa kérora bí ẹni tí ibà mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tú u, ó ní ríìngì ti jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: inú ẹ́ńjìnnì ni ihò roboto kan wà tí à ń pè ní sílíńdà. Písítìn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò náà. Ríìngì ni òrùka irin tí ó yí písítìn ká. Òun ni kì í jẹ́ kí agbára iná sá lọ sísàlẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè lọ jóná.

Ìyá kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe náà. Owó tí ó ti ń dá láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Ó ní kí n bá òun dúró ti mẹkáníìkì, nítorí pé èmi ni mo mọ ìwé nínú ilé wa.

Mo dúró tì í lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti yọ ríìngì àtijọ́ kúrò, ó mú irinṣẹ́ kan jáde tí òkúta ìpọ́n pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ wà lára rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ha inú sílíńdà kí òun tó kó ríìngì tuntun sí i. Mo figbe ta. Mo ní, "Kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé o fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì ìyá mi jẹ́ ni?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi." Mo ní, "Ọ̀gá rẹ kò ka ìwé." Ẹ ò rí i bí ìgbéraga ti ń sọ̀rọ̀? Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni pé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí gbágungbàgun ni yóò máa ha ara wọn, ohun tí ojú rẹ̀ bá jọ̀lọ̀ ni yóò máa yọ̀ lórí ara wọn. Mo fi owó ara mi ra bébà oníyanrìn tí ó kúnná jù lọ, mo sì ní kí ó máa fi í ra inú sílíńdà náà títí yóò fi dán. Ọmọkùnrin náà kò bá mi jiyàn mọ́. Ó rà á, ó rà á, títí ó fi kù díẹ̀ kí n lè wo ojú mi nínú rẹ̀ bí ẹni wo dígí. Inú mi dùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, inú gbogbo wa ti bàjẹ́. Èéfín tí ó dà bí omi aró ń tú jáde láti ẹnu èéfín ẹ́ńjìnnì náà. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó lò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kíá ni ó ń gbé e mì. Agbára tí à ń wá kò sì padà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ata àwọn ń rùn èéfín, wọ́n sì yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ọmọ Ìyá wà nílé. Ìyá kò bú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó sọ, ó sì dùn mí ju èébú lọ. Ó ní, "Tíṣà ọmọ mi, ìwé tí o kà yẹn, àbí ó ku apá kan tí o kò tíì kà ni?"

A gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí a tó bí mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá tú ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé sílíńdà sí oòrùn, ó yẹjú wò ó, ó fi èékánná họ inú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wọ inú búkà rẹ̀ lọ, ó gbé sílíńdà mìíràn wá, ó ní kí n fi wé ti Ìyá. Nígbà tí oòrùn wọ inú rẹ̀, mo rí àwọn ìlà tíntìntín tí wọ́n dábùú ara wọn bí ẹní tí a hun. Bàbá ní, "Tíṣà, wo èyí, kí o sì wo tìrẹ. Níbo ni ọ́ìlì yóò jókòó sí nínú tìrẹ?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ó tún ní, "Ṣé ọmọ Èkìtì ni ọ́? Bí ẹ bá ń dáko lórí òkè, ṣé ẹ ń la poro láti orí òkè wá sísàlẹ̀ tààrà ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. A máa ń la á dábùú òkè ni, kí omi òjò má baà ṣàn lọ, kí ó má sì kó ilẹ̀ lọ." Ó ní, "Ó tán. Poro ni àwọn ìlà wọ̀nyí. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán jù, ọ́ìlì yóò ṣàn padà sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ jù, ríìngì yóò máa fò lórí wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá gẹ̀rẹ́, kí ọwọ́ ọ̀tún dábùú ọwọ́ òsì. Ìwọ ti ro oko tìrẹ di pápá ìṣeré."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sínú ìwé, láti ka apá tí ó kù.

Mo rí i pé kì í ṣe pé ọ́ìlì kàn ń mú kí irin yọ̀ nìkan. Ọ́ìlì ń ru ẹrù. Ní ọdún 1883, ẹnjiníà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Beauchamp Tower, ń dán bíárìn ọkọ̀ ojú irin wò. Ó lu ihò kan sí òkè bíárìn náà láti máa bu ọ́ìlì sí i. Bí ọ̀pá irin ti ń yí, ọ́ìlì gba ihò náà tú jáde. Ó fi èdídí dí i, ọ́ìlì tì í jáde. Ó fi igi dí i, ọ́ìlì tún tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé bí ọ̀pá náà ti ń yí, ó ń wọ́ ọ́ìlì sábẹ́ ara rẹ̀, ọ́ìlì náà sì ń fi agbára gbé ọ̀pá sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí irin kò fi kan irin mọ́. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò hàn bí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò lè mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn: bí ẹ bá ń sáré lórí títì tí omi bò, táyà a máa léfòó lórí omi, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ewu lórí títì, ìgbàlà ni nínú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: eré ni ó ń mú kí ọ́ìlì ru ẹrù. Bí eré bá tán, irin yóò jókòó lé irin. Písítìn kì í sì í sáré lọ láìdúró. Bí ó bá dé òkè, yóò dúró fìrí kí ó tó padà. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, yóò tún dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn yóò dúró ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú náà. Láàárín wákàtí 8 tí Ìyá fi ń lọ ata, ó di ìgbà 1,440,000. Ní gbogbo ìdúró wọ̀nyí, ọ́ìlì tí ó fara pamọ́ sínú poro tíntìntín ni ó ń gba irin lọ́wọ́ irin. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé òkè sílíńdà, níbi tí ríìngì ti ń yí padà tí iná sì ń jó, ni ó máa ń jẹ jù. Bí ẹ bá ki ìka bọ inú sílíńdà àtijọ́, èékánná yín lè kọ́ etí ibi tí ó ti jẹ náà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni poro wọ̀nyí ń ṣe. Èkínní, wọ́n ń tọ́jú ọ́ìlì pamọ́ de ìgbà ọ̀dá, bí ìkòkò omi lẹ́yìn ilé. Èkejì, èérún irin tí ó bá já sílẹ̀ ń ríbi kó sí, kò ní í máa wọ́ kiri láti fi ha gbogbo ojú irin. Ẹ̀kẹta, bí nǹkan bá ń sáré kọjá lórí wọn, ọ́ìlì inú wọn ń ti nǹkan náà sókè, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pá irin Tower. Ìdí sì nìyí tí ríìngì tuntun kò fi bá sílíńdà dídán mi rẹ́: ó yẹ kí ṣóńṣó kéékèèké tí ó wà láàárín poro náà kọ́kọ́ fá ríìngì díẹ̀, kí ríìngì náà lè jókòó dáadáa. Nítorí pé mo ti pa ṣóńṣó run, ríìngì kò jókòó, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè, ó sì ń jóná. Èéfín aró tí a rí nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní, "Tíṣà, àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Bí ojú ọlọ bá dán, wọ́n a fi òkúta líle gún un kí ó lè lọ ata." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a dà wọ́n pọ̀. A ń gún ojú ọlọ kí ó lè gé ata. Bẹ́ẹ̀ náà ni poro tí ó wà lójú ọlọ irin rí, ojú lásán ni a fi ń rí wọn. Ti sílíńdà kì í ṣe láti gé nǹkan. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí 70 nínú rẹ̀. Poro inú sílíńdà kì í sábà jìn ju ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Lójú ọlọ irin, poro ńlá ń gé ata. Nínú sílíńdà, poro tí ó kéré sí irun ń gba omi ọ́ìlì dúró. Inú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé kò dúró lórí ìlà nìkan. Ní ọdún 1966, Hamilton, Walowit àti Allen tẹ ìwé jáde ní Amẹ́ríkà láti fi hàn pé àwọn ohun kéékèèké tí ó wà lójú irin lè mú kí ọ́ìlì ru ẹrù sí i. Ní ọdún kan náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé tí Peter Jost àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ nípa owó ńlá tí ń ṣòfò nítorí pé irin ń ha irin. Ní ọdún 1996, Izhak Etsion, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Technion ní ìlú Haifa, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, tẹ ìṣirò jáde nípa ojú irin tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí létòlétò. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni wọ́n wá fi ń dá ihò náà. Ẹ ronú nípa ọpọ́n ayò: bí a bá tẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọpọ́n ayò sí ojú ríìngì kan, tí ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó irun orí, tí jíjìn rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́wàá irun náà lọ, bí ó ti rí nìyẹn. Ní ọdún 2009, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ mìíràn sọ pé nígbà tí wọ́n fi irú ríìngì bẹ́ẹ̀ dán ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wò, epo tí ó ń mu dín kù tó ìdá 4 nínú 100. Nínú jálá 100, jálá 4 lè ṣẹ́ kù fún yín. Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè nílẹ̀ yìí, ta ni yóò ní jálá 4 kò jẹ́ nǹkan?

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní ọdún 2017, Kenneth Holmberg ti ilẹ̀ Finland àti Ali Erdemir ti Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò gbogbo agbára tí ayé ń lò. Wọ́n ní nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 rẹ̀ ni ó ń bá ohun tí ń ha ara wọn lọ: ìdá 20 láti fi borí híha náà, ìdá 3 láti fi ṣe àtúnṣe ohun tí ó ti jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé ìròyìn yìí tán kí ó wá mú fáìlì, kí ó máa ha gbogbo irin tí ó bá rí. Ojú ibi tí a bá gbẹ́ poro sí, bí ó ti jìn tó, àti bí ó ti pọ̀ tó, ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Bí ihò bá jìn jù, ọ́ìlì yóò rì sínú rẹ̀, kò ní í lè ru ẹrù. Ibi tí irin méjì ti ń fi ojú kékeré tẹ ara wọn gidigidi, bí eyín gíà tàbí ọmọ inú bíárìn, ihò tí kò wọ̀n lè mú kí wọ́n tètè jẹ ni. Poro kankan kò sì lè rọ́pò ọ́ìlì tí kò sí. Ẹni tí kò bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì, tí ó ń wá ihò lésà, ó dà bí ẹni tí ó la poro sí ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà tàbí jẹnẹrétọ̀, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ríìngì, ẹ fi nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sọ́kàn. Èkínní, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi sílíńdà hàn yín nínú oòrùn kí ó tó dè é padà. Ìlà tí ó dábùú ara wọn ni kí ẹ wá, kì í ṣe dígí. Bí ihò náà bá ti jẹ kọjá ìwọ̀n, ìlà nìkan kò lè tún un ṣe. Wọ́n ní láti gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá fi òkúta ìpọ́n ha á tán, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun tí a fi nù ún kò ní í dúdú mọ́, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kí ó má dípẹtà. Kẹrosíìnì nìkan kò tó, nítorí ìyanrìn òkúta náà a máa fara pamọ́ sínú poro, yóò sì jẹ ríìngì tuntun. Ẹ̀kẹta, ẹ má ti orí títún un ṣe gbé ẹrù wúwo lé e lórí, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lófìfo fún wákàtí gígùn. Iṣẹ́ níwọ̀nba ni kí ẹ fún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ tètè pa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà, nítorí èérún irin wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa ra ọ́ìlì tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà bá sọ.

Bàbá fi òkúta ìpọ́n ha sílíńdà náà, ó fọ̀ ọ́, ó kó ríìngì tuntun mìíràn sí i. Owó oṣù mi ni mo fi san án, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èéfín aró dáwọ́ dúró, àwọn oníbàárà sì padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìyá wọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, n kò lè dá a padà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń jókòó tì í lálẹ́ láti kọ́ ọ ní ohun tí ó pàdánù.

Mo sì lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì náà níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé níwájú wọn ni mo ti sọ pé ọ̀gá rẹ̀ kò ka ìwé. Ó ní, "Ó ti tán, Tíṣà. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí." Mo ní kò tíì tán. Mo ní kí ó wá sí kíláàsì mi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé kan, kí ó gbé sílíńdà kan àti òkúta ìpọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá. Àwọn ọmọ yí i ká lábẹ́ igi, olúkúlùkù ń fi èékánná wá poro nínú oòrùn. Èmi náà jókòó sí ẹ̀yìn, mo ń kọ ohun tí ó ń sọ sínú ìwé.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire o.